Bí Ìṣirò Orí Kọ̀ǹpútà Ṣe Lè Yá Sí I

Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí: bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà rí. Láti ọdún 2005 ni kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí ó ní ọpọlọ méjì ti ń dé ọjà. Lónìí, èyí tí ó ní mẹ́rin tàbí mẹ́jọ kò ṣọ̀wọ́n mọ́. Láti ọdún 2007 sì ni Excel, tíí ṣe ìwé ìṣirò orí kọ̀ǹpútà, ti lè pín iṣẹ́ fún àwọn ọpọlọ wọ̀nyí kí wọ́n jùmọ̀ ṣe é. Síbẹ̀, akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù a máa káwọ́ gbera, a máa dúró de ìṣirò owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Kí ni ó fà á?

Bí a bá wo àwọn tí ń fi amọ̀ mọ ilé, ìdí rẹ̀ yóò hàn. Ogún ènìyàn lè pọn omi, kí wọ́n sì po amọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n bí ìpele ìsàlẹ̀ kò bá tíì gbẹ, kò sí ẹni tí ó lè mọ òmíràn lé e. Iye tí kò gbára lé òmíràn ni kọ̀ǹpútà lè pín. Èyí tí ó ń dúró de ìdáhùn ìlà òkè rẹ̀ kò ṣeé pín.

Ní ọdún 1967, Gene Amdahl, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ará Amẹ́ríkà, tọ́ka sí ọ̀ràn yìí. Bí iṣẹ́ kan bá gba ọpọlọ kan ní ìṣẹ́jú 10, tí ìṣẹ́jú 2 nínú rẹ̀ kò sì ṣeé pín, ọpọlọ mẹ́rin yóò parí rẹ̀ ní ìṣẹ́jú 4, mẹ́jọ ní ìṣẹ́jú 3. Bí a tilẹ̀ kó ọgọ́rùn-ún jọ, kò lè dín ní ìṣẹ́jú 2.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni ó yẹ ní ṣíṣe.

Èkíní, kí akọ̀wé wo ibi ètò Excel, kí ó rí i dájú pé a ti fún un láyè láti lo gbogbo ọpọlọ.

Èkejì, kí ó yẹra fún àṣẹ INDIRECT níbi tí INDEX bá ti lè ṣe iṣẹ́ náà. Ọpọlọ kan ṣoṣo ní ń ṣe INDIRECT, a sì máa tún un ṣe nígbàkigbà tí ìṣirò bá wáyé.

Ẹ̀kẹta, kí ó má ṣe àṣetúnṣe. Bí ìlà 1,000 bá wà, tí ìlà kọ̀ọ̀kan sì ń ka owó láti òkè pátápátá wá, iye tí kọ̀ǹpútà yóò kà jẹ́ 500,500. Ṣùgbọ́n bí ìlà kọ̀ọ̀kan bá mú àpapọ̀ tí ó wà lókè rẹ̀, tí ó fi tirẹ̀ kún un, ìròpọ̀ náà kò tó 1,000. Lóòótọ́, ìlà kan yóò máa dúró de èkejì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ti fúyẹ́ jọjọ.

Kí ẹgbẹ́ tó náwó lé kọ̀ǹpútà tuntun, ó tọ́ kí a kọ́kọ́ tún ìwé ìṣirò tò. Ọ̀pọ̀ ọwọ́ dára, ṣùgbọ́n ètò ni ń jẹ́ kí wọ́n rí iṣẹ́ ṣe.