Òjò Àkọ́rọ̀ Kọ́ Ni Òjò Ìgbìn: Ẹ̀kọ́ fún Àgbẹ̀ àti Apẹja Ìlàjẹ ní Bàrígà

Àwọn àgbà kìlọ̀ fún wa pé kí a má ṣe torí òjò tí ó ṣú da omi inú agbè nù. Ìkìlọ̀ yìí kan ẹni tí ó ń ro ilẹ̀, ó sì kan ẹni tí ó ń da àwọ̀n. Lọ́dọọdún, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn gígùn, ayọ̀ a máa gba ọkàn ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi da gbogbo irúgbìn rẹ̀ sí ilẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Bí òjò bá wá dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, ohun tí ó hù a gbẹ, owó a sì ti lọ. Nítorí náà, ẹ̀kọ́ wa ti ọ̀sẹ̀ yìí ni bí a ṣe lè mọ òjò tí ó tó fún ìgbìn, àti bí a ṣe lè lo ìròyìn ojú ọjọ́ tí ìjọba ń gbé jáde.

Ìlàjẹ tí à ń sọ níhìn-ín ni àdúgbò tí ó wà létí ọ̀sà Èkó, ní Bàrígà, nítòsí Ṣómólú. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò ga, omi sì wà ní ìhà ìlà-oòrùn rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbin ewédú, ilá tàbí tẹ̀tẹ̀ sí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, àti ẹni tí ó ń tu ọkọ̀ lórí ọ̀sà, ojú ọ̀run kan náà ni wọ́n jọ ń wò.

IBI TÍ ÒJÒ TI Ń WÁ

Afẹ́fẹ́ méjì ni ó ń ṣe àkóso ojú ọjọ́ wa. Èkíní ń fẹ́ láti orí òkun ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Ó kún fún ọ̀rinrin. Èkejì ń fẹ́ láti aṣálẹ̀ Sàhárà ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn. Ó gbẹ, ó sì ń gbé eruku wá: òun ni a ń pè ní ọyẹ́. Ibi tí àwọn méjèèjì ti ń pàdé kì í dúró lójú kan. Ní oṣù kìíní ọdún, nítòsí etí òkun wa ni ó máa ń wà. Lẹ́yìn náà yóò máa tẹ̀lé oòrùn lọ sí àríwá, títí yóò fi ré kọjá Kánò ní oṣù kẹjọ, kí ó tó tún padà.

Kì í ṣe ojú ibi ìpàdé yìí gan-an ni òjò ti ń pọ̀, bí kò ṣe ẹ̀yìn rẹ̀ ní ìhà gúúsù, níbi tí ọ̀rinrin òkun ti jinlẹ̀ sókè. Ìdí nìyí tí òjò àkọ́rọ̀ fi sábà ń wá pẹ̀lú ìjì, tí yóò rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, tí ojú ọ̀run yóò sì tún mọ́ fún ọjọ́ púpọ̀. Afẹ́fẹ́ òkun kò tíì fìdí múlẹ̀ nígbà náà.

Ní Èkó, òjò sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàrin oṣù Ẹrẹ́nà (oṣù kẹta) àti oṣù Igbe (oṣù kẹrin). Ó máa ń pọ̀ jù lọ ní oṣù Òkúdù (oṣù kẹfà). Ó máa ń dẹwọ́ ní oṣù Ògún (oṣù kẹjọ), a sì tún padà ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ àti Ọ̀wàrà (oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá), kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé.

OBÌNRIN MÉJÌ, ỌGBÀ MÉJÌ

Ẹ jẹ́ kí a fi obìnrin méjì ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn méjèèjì fi owó àjọ ra irúgbìn ewédú. Òjò ńlá kan rọ̀ ní oṣù Ẹrẹ́nà. Ní ọjọ́ kejì, èkíní gbin gbogbo irúgbìn rẹ̀. Èkejì ro ilẹ̀ tirẹ̀ sílẹ̀, ó gbin ebè kan péré láti fi dán an wò, ó sì tọ́jú ìyókù. Oòrùn mú fún ọjọ́ méjìlá. Ewédú èkíní hù, ó sì rọ. Kò sí irúgbìn mìíràn nílé, ọjọ́ àtidá owó àjọ kò sì yẹ̀. Èkejì pàdánù ebè kan. Nígbà tí òjò tún padà tí kò sì dá mọ́, ó gbin ìyókù, ó sì rí ewé kó lọ sí ọjà. Kì í ṣe orí ni ó fi gba ju ẹnì kejì rẹ̀ lọ: ìwọ̀n ni ó lò.

BÍ A ṢE LÈ WỌN ÒJÒ

Ẹ wá agolo tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gún, tí ẹnu àti ìdí rẹ̀ fẹ̀ bákan náà. Ẹ gbé e sí gbangba níbi tí igi tàbí òrùlé kò ti lè bò ó, kí ẹ sì fi òkúta há a kí afẹ́fẹ́ má baà dà á nù. Láràárọ̀, ní agogo méje, ẹ fi rúlà tí òǹkà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti etí gan-an wọn jíjìn omi tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ sì da omi náà nù.

Mílímítà 1 òjò lórí ilẹ̀ tí ó gùn ní mítà 1, tí ó sì fẹ̀ ní mítà 1, jẹ́ lítà omi 1. Bí agolo bá fi mílímítà 20 hàn, ó dà bí ẹni pé a da kẹ́ẹ̀gì omi lítà 20 sí orí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Òdiwọ̀n kan tí àwọn onímọ̀ ń lò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nìyí: kí òjò ọjọ́ mẹ́ta tí ó tẹ̀ léra tó mílímítà 20, kí ó má sì sí ọ̀dá tí yóò ju ọjọ́ 7 lọ láàrin ọgbọ̀n ọjọ́ tí ó tẹ̀ lé e. Agolo yóò sọ apá kìíní fún wa. Apá kejì ṣì wà níwájú, ojú kò sì lè rí i. Ibẹ̀ ni ìròyìn ojú ọjọ́ ti wúlò.

BÍ A ṢE Ń LO ÌRÒYÌN OJÚ ỌJỌ́

Àjọ tí ó ń rí sí ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, tí a mọ̀ sí NiMet, ni a fi òfin gbé kalẹ̀ ní 2003. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ó máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ jáde nípa ìgbà tí òjò yóò bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí yóò parí, àti ibi tí ọ̀dá lè gbé wáyé láàrin ìgbà òjò. Ìyẹn ni kí a fi pinnu irú ohun tí a ó gbìn. Ó tún máa ń sọ ti ojoojúmọ́. Ìyẹn ni kí a fi pinnu iṣẹ́ ọ̀la.

Bí wọ́n bá sọ pé ìrètí òjò jẹ́ 60 nínú 100, kì í ṣe pé òjò yóò rọ̀ dandan. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí a bá rí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ mẹ́wàá, òjò yóò rọ̀ ní bíi mẹ́fà nínú wọn. Nítorí náà, bí òjò kò bá rọ̀, kí a má ṣe sọ pé irọ́ ni wọ́n pa.

FÚN ÀWỌN TÍ Ó WÀ LÓRÍ OMI

Àwọn ìjì ńlá ilẹ̀ wa sábà ń rìn láti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Fún Ìlàjẹ, èyí ni pé orí ọ̀sà ni wọ́n máa ń gbà dé. Bí apá ìlà-oòrùn bá ṣú dúdú, tí afẹ́fẹ́ tútù sì fẹ́ lójijì, kí apẹja má ṣe dúró kó àwọ̀n tán. Bí mànàmáná bá kọ, ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá títí ẹ ó fi gbọ́ àrá. Bí kò bá tó 30, ìjì náà kò jìnnà tó kìlómítà 10. Ó ti tó àkókò láti wà ní èbúté.

IYỌ̀ ÀTI ÌKÚN-OMI

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun ń wọ inú ọ̀sà, iyọ̀ a sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ má ṣe fi í bomi rin ẹ̀fọ́. Omi kànga tí kò níyọ̀ ni kí ẹ lò.

Òjò àpọ̀jù náà ní ewu tirẹ̀. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Agẹmọ (oṣù keje), 2011, òjò tí ó ju mílímítà 200 lọ rọ̀ ní Èkó, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ẹ rántí pẹ̀lú pé inú ọ̀sà Èkó ni Odò Ògùn ń ṣàn sí, àti pé ìsédò Ọyán, tí a ṣí ní 1983, wà lórí ọ̀kan nínú àwọn odò tí ó ń wọ inú rẹ̀. Bí wọ́n bá tú omi sílẹ̀ lókè, omi lè kún nísàlẹ̀ ní ọjọ́ tí oòrùn ń ràn. Ẹ máa fetí sí ìkìlọ̀ ìjọba ní irú àkókò bẹ́ẹ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ILÉ ÌKÀWÉ

1. Kí ni ó fà á tí òjò àkọ́rọ̀ fi lè rọ̀, kí ó sì dá fún ọjọ́ púpọ̀?
2. Bí agolo bá fi mílímítà 8 hàn lónìí, 5 lọ́la, àti 9 lọ́tùn-ún, ṣé ó ti tó mílímítà 20?
3. Níbo ni apẹja Ìlàjẹ gbọ́dọ̀ máa wò kí ó tó tu ọkọ̀ jáde?

Kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kà kà á fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà. Ojú tí ó ń wo ọ̀run, agolo tí ó ń wọn òjò, àti etí tí ó ń gbọ́ ìròyìn: bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá fohùn ṣọ̀kan, ẹ gbìn. Bí wọn kò bá tíì fohùn ṣọ̀kan, ẹ jẹ́ kí irúgbìn wà nínú àpò.