Ẹran Wo Ni Ọmọ Ọdún 6 Lè Sìn Nínú Àgò?

Ìyá ọlọ́mọ wa ní Ìbàdàn, lẹ́tà yín tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì kà á ní àkàtúnkà, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò fi ojú kékeré wò, tí wọn yóò ní kí ló le nínú kí a ra ẹran fún ọmọ, ẹ̀yin fara balẹ̀ rò ó kí owó tó kúrò lápò yín. Ẹ ní ọmọkùnrin yín, ọmọ ọdún 6, kò fún yín nísinmi láti ìgbà tó ti rí ehoro nílé ọ̀rẹ́ rẹ̀; ẹ ní bàbá rẹ̀ fẹ́ ra odídẹrẹ́ fún un nítorí pé ọmọ Ìwó, ìlú Olódídẹrẹ́, ni wọ́n, odídẹrẹ́ sì ni ẹyẹ ìlú wọn; ìyá yín tó wà lóko sì ti ránṣẹ́ pé òkété kékeré kan ń bọ̀ lọ́nà. Ẹ wá béèrè pé èwo ni kí ẹ gbà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Kí n tó mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí gbogbo ìyókù ọ̀rọ̀ mi rọ̀ mọ́: ẹrankẹ́ran tí ẹ bá rà, àgbàlagbà ilé ló ni ín, ọmọ ni olùrànlọ́wọ́. Ọmọ ọdún 6 lè fẹ́ràn ẹran dé ìdí ọkàn, síbẹ̀ kò lè rántí omi rẹ̀ lójoojúmọ́, kò sì lè mọ̀ pé ẹran tó kọ oúnjẹ ní òwúrọ̀ lè kú kó tó di ọ̀túnla. Ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má ra á lọ́wọ́. Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè ta ni yóò jí ní kùtùkùtù, kí ilé-ìwé àti iṣẹ́ tó gbé oníkálukú lọ, tí yóò bojú wo inú àgò, tí yóò bu omi, tí yóò sì kó ìgbẹ́. Bí kò bá sí ẹni náà nílé yín, ẹ má ra ohunkóhun.

Odídẹrẹ́, Ayékòótọ́, ẹyẹ tó ni ìkóóde, tí ìyẹ́ pupa ìdí rẹ̀ ń bẹ lára ọ̀ṣọ́ ọba àti ti àwọn àwòrò òrìṣà: ta ni ọmọ Yorùbá tí yóò gbọ́ orúkọ rẹ̀ tí orí rẹ̀ kò ní wú? Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ìlú ló mú bàbá ọmọ sọ ohun tí wọ́n sọ, ìfẹ́ kan náà sì ni mo fi ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má rà á. Ọ̀pọ̀ odídẹrẹ́ tí a ń rí lọ́jà, inú igbó ni wọ́n ti kó wọn, láti inú ihò igi, nígbà tí àwọn kan nínú wọn kò tíì lè fò, púpọ̀ nínú wọn a sì kú lọ́nà kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò rà wọ́n. Kíkó tí a ń kó wọn yìí, pẹ̀lú igi ńláńlá tí a ń gé lulẹ̀, ló mú kí ẹyẹ náà ṣọ̀wọ́n ní ọ̀pọ̀ ibi tó ti pọ̀ rí ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ní ọdún 2016, nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè tó ṣe àdéhùn lórí òwò ẹ̀dá inú igbó pàdé ní Johannesburg, wọ́n gbé odídẹrẹ́ sí ìsọ̀rí tí ààbò rẹ̀ le jù lọ, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú èyí tó ti inú igbó wá kọjá ẹnubodè lọ tà. Nàìjíríà sì wà nínú àdéhùn náà. Òfin tiwa lórí àwọn ẹ̀dá tí ìparun ń lé bọ̀ ti wà láti ọdún 1985.

Ká tilẹ̀ gbé òfin tì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Odídẹrẹ́ tó bá rí ìtọ́jú lè lo ogójì ọdún láyé, òmíràn a sì lé ní 50. Ọmọ yín yóò ti di baba ọlọ́mọ kí ẹyẹ náà tó darúgbó. Ẹyẹ ẹgbẹ́ ni, agbo ni í fò nínú rẹ̀, bí a bá sì fi í sílẹ̀ ní òun nìkan láti òwúrọ̀ di alẹ́, ìdánìkanwà a máa mú kó tu ìyẹ́ ara rẹ̀ títí àyà rẹ̀ yóò fi wà ní ìhòòhò. Àgógó ẹnu rẹ̀ sì rí bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ. Ìka ọmọ ọdún 6 kò yẹ níbẹ̀. Bí bàbá ọmọ bá fẹ́ kó mọ ẹyẹ ìlú baba rẹ̀, kí wọ́n mú un lọ sí Ìwó nígbà ọlidé, kí àwọn àgbà agboolé kì í ní oríkì ìlú rẹ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi yá gágá.

Ní ti òkété, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá yín, kí ẹ sì fi ọ̀wọ̀ kọ̀ ọ́. Ẹran tí a wú nínú ihò kò mọ ènìyàn, òru ni í rìn, eyín rẹ̀ sì mú. Ṣùgbọ́n ohun tó ń kọ mí lóminú jù ni ibà Lassa, tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ọdún 1969 ní ìlú Lassa ní ilẹ̀ Borno, tó sì ń pa àwọn ènìyàn wa ní Òǹdó, pàápàá ní agbègbè Ọ̀wọ̀. Eku kékeré tí ń wọ ilé àti àká ló ń gbé àrùn náà kiri nínú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀. Òkété kọ́ ni eku náà, mo mọ̀. Àmọ́ ọmọ tí ẹ bá ti kọ́ pé eku ìgbẹ́ ṣeé gbé mọ́ra, báwo ni yóò ṣe mọ èyí tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn nígbà tó bá rí i ní ilé ìdáná? Nítorí eku yìí kan náà, inú ike tó ní ọmọrí ni kí ẹ máa kó oúnjẹ ẹran sí.

Ehoro kò burú, bí ọmọ náà bá sì ti tó ọdún 9 tàbí 10, òun ni n bá ní kí ẹ rà. Àgbà rẹ̀ a máa tó kílò 2 sí 4, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ lágbára ju eegun rẹ̀ lọ, tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá gbé e tí ìdí rẹ̀ sì rọ̀ dirodiro, ìpá kan ṣoṣo tó bá ta lè dá a ní eegun ẹ̀yìn. Ẹ sì kìlọ̀ fún gbogbo ará ilé pé etí ehoro kì í ṣe ọwọ́ ìdìmú: inú etí yẹn ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń tutù nígbà ooru.

Èyí tí mo yàn fún yín kò sí nínú mẹ́ta tí ẹ dárúkọ. Gíní píìgì ni, ẹran roboto tí a kì í rí ìrù rẹ̀, tí àwọn ará òkè ilẹ̀ Peru ti ń sìn fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Kì í sábà bu ènìyàn jẹ, a máa wà lójúfò lọ́sàn-án nígbà tí ọmọ náà wà lójúfò, bó bá sì ti gbọ́ tí ọ̀rá tí ẹ kó ewé sí ń ró wàrà-wàrà, yóò máa súfèé fíì-fíì, yóò na ọrùn sókè, yóò sì gbá wáyà mú. Ọdún 5 sí 8 ló ń lò. Abo méjì ni kí ẹ rà, nítorí pé kì í fẹ́ gbé ní òun nìkan. Ẹ jẹ́ kí ọlọ́sìn yẹ̀ wọ́n wò níwájú yín, torí bí akọ kan bá yọ́ wọ àárín wọn, láàárín nǹkan bí oṣù méjì àti díẹ̀, ẹ ó bá àwọn ọmọ nínú àgò.

Koríko ni oúnjẹ rẹ̀ gan-an, kí ó máa wà níwájú rẹ̀ tọ̀sán-tòru, nítorí pé eyín rẹ̀ kì í dẹ́kun híhù, koríko ló ń bá a gé e kúrú. Bíi ti àwa ènìyàn, ara rẹ̀ kò lè dá fítámì C ṣe. Ẹ fún un ní ewé tútù lójoojúmọ́, ewé ọ̀dùnkún dára, pẹ̀lú gúáfà díẹ̀. Ewé ẹ̀gẹ́ tútù àti ewé pía lè pa á. Ẹ má já koríko níbi tí wọ́n ti fín oògùn.

Kí káfíńtà kan àgò náà ní ẹsẹ̀ bàtà 4 ní gígùn àti 2 ní ìbú, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ pákó, nítorí pé wáyà ń dá egbò sí wọn látẹ́lẹ̀sẹ̀, kí ojú wáyà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì wẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ejò kò ní ráyè. Abẹ́ òjìji ni kí ẹ gbé e sí. Abẹ́ páànù lásán lọ́sàn-án gangan kì í pẹ́ pa wọ́n. Ẹsẹ̀ àgò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, inú agolo tí ẹ bu òkú epo ọkọ̀ sí ni kí wọ́n dúró: ìjàlọ tó bá wọlé lóru kì í fi ẹran inú àgò sílẹ̀ láàyè.

Ní ti bí ọmọ yóò ṣe máa gbé ẹran náà, kò gbọdọ̀ gbé e rìn rárá. Kó jókòó sórí ẹní, kó na ẹsẹ̀, kí ẹ tẹ́ aṣọ sí i nítan, kí ẹ̀yin fúnra yín gbé e lé e, kí ọwọ́ yín kan wà lábẹ́ àyà rẹ̀, kí èkejì gba ìdí rẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Lẹ́yìn náà ni kó fi ọṣẹ fọwọ́, kó tó fi kan ẹnu.

Ẹ kọ ọ́ sí ìparí lẹ́tà yín pé bàbá ọmọ ní bí ẹran náà bá sú ọmọ tán, a ó pa á jẹ lọ́jọ́ ọdún. N kò bínú sí ẹni tó ń sin ẹran fún ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹran tí ọmọ ti sọ lórúkọ, tó ń súfèé sí ohùn rẹ̀, kò yẹ kó wọ inú ìkòkò lẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé ọjọ́ tó bá mọ̀, ọ̀rọ̀ yín ni kò ní gbà gbọ́ mọ́. Ẹ fẹnu kò lórí èyí, ẹ̀yin méjèèjì, kí ẹran tó wọlé. Ẹ má sì tú u sínú igbó, kò lè wá oúnjẹ fún ara rẹ̀ níbẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bá ọlọ́sìn náà ṣe àdéhùn pé bó bá di dandan, òun yóò gbà wọ́n padà.