Sí Ọ̀dọ́ Alábàtà Tí Ń Ya Ọkọ̀ Ojú Ọ̀run

Àwọn baba wa ní ohun tó wuni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, ológún ẹrú kú, aṣọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Nítorí náà, bí òbí kan ní Alábàtà, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, bá ṣí ìwé ìṣirò ọmọ rẹ̀, tí ó bá ọkọ̀ ojú ọ̀run àti ènìyàn onírin níbẹ̀, kí ó bá a wí nítorí ìṣirò, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe fa àwòrán náà ya.

Irú ìtàn tí àwòrán bẹ́ẹ̀ ń sọ kì í ṣe àjèjì lábẹ́ àpáta Olúmọ. Amos Tutùọlá, ọmọ Ẹ̀gbá, ọmọ Lísàbí, tí a bí ní 1920, tí ó kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, tí ó sì ṣe ońṣẹ́ ọ́fíìsì ní Èkó, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ti 1954, My Life in the Bush of Ghosts, pé iwin obìnrin kan ní tẹlifíṣọ̀n ní àtẹ́lẹwọ́, níbi tí ọmọ tó sọnù sínú igbó ti rí ìyá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, 1959 ni tẹlifíṣọ̀n tó dé Ìbàdàn! Lónìí tí a ń fi fóònù wo ojú ará ilé ní àtẹ́lẹwọ́, ta ni yóò pe èyí ní ìsọkúsọ ọ̀mùtí?

Ìwọ ọ̀dọ́, n kò ní kí o má ya akọni fíìmù Amẹ́ríkà tí o ti fẹ́ràn láti kékeré. Yà á, tún un yà, kọ́ bí ìka ṣe ń tẹ̀ àti ibi tí òjìji ń bọ́ sí nígbà tí oòrùn bá wà lẹ́yìn ènìyàn, nítorí díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Kọ orúkọ ẹni tó ni akọni náà sábẹ́ rẹ̀, má sì tà á láìgbàṣẹ. Ṣùgbọ́n má gbé ibẹ̀. Ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ ènìyàn, bí kò fún un lẹ́sẹ̀, a ṣò ó. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Jẹ́ kí ọkọ̀ ojú ọ̀run rẹ gúnlẹ̀ sórí Olúmọ, kí ara rẹ̀ gba àrà àdìrẹ ẹlẹ́kọ ti Ìtòkú, kí odò Ògùn máa ṣàn nísàlẹ̀.

Ọ̀nà yìí ni ọmọ Nàìjíríà méjì àti ọmọ Ùgáńdà kan tí ó dá ilé-iṣẹ́ Kugali sílẹ̀ gbà: ìwé ìtàn aláwòrán ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe, ní 2019 wọ́n fọ́nnu fún BBC pé àwọn yóò na Disney, Disney fúnra rẹ̀ sì wá wọn wá, títí eré àwòrán Iwájú fi jáde ní 2024, tí ọkọ̀ ń fò lókè Èkó ọjọ́ iwájú. Ẹnu wọn mú, àmọ́ iṣẹ́ ti wà nílẹ̀ kí ẹnu tó sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi ògiri kan sílẹ̀ níléèwé yín fún irú àwòrán bẹ́ẹ̀, kí ẹni tó yà á sì dúró ṣàlàyé ohun tí ọkọ̀ náà wá ṣe ní Abẹ́òkúta.