Eré Ọta àti Eré Ìró: Èdè-Ìperí fún Kátírììjì Àfọwọ́kì

1. Ìfáàrà

Ìbọn kì í ṣe àlejò nínú èdè Yorùbá. Láti ìgbà tí ṣakabùlà ti dé ọwọ́ àwọn ọdẹ ni èdè náà ti ní ọ̀rọ̀ fún ẹ̀tù, fún ọta, fún kíkì àti fún yíyìn. Ọdẹ tí ó da ẹ̀tù sí ẹnu ìbọn, tí ó fi ọta lé e, tí ó sì fi ọ̀pá kì í mọ́lẹ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi ń pinnu bí ọta náà yóò ti sáré tó. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ayìnbọn ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti ti Yúróòpù bá ń bu ẹ̀tù sínú kátírììjì fúnra wọn, dípò kí wọ́n ra èyí tí ilé-iṣẹ́ ṣe, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe kò ṣòro fún Yorùbá láti pè: kátírììjì àfọwọ́kì ni. Èyí tí ilé-iṣẹ́ ṣe yóò sì jẹ́ àfẹ̀rọkì.

Ibi tí ìṣòro wà ni oríṣi kátírììjì àfọwọ́kì kan, èyí tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dín ẹ̀tù rẹ̀ kù kí ọta rẹ̀ má baà yára tó ìró. Bí a bá sọ fún ènìyàn pé kí ó túmọ̀ rẹ̀ wéré, ohun tí yóò kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu ni ‘ọta aláìdún’. Iṣẹ́ yìí yóò fi hàn pé irọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ń pa, àti pé irọ́ náà léwu.

2. Ọta àti kátírììjì

Nínú ìròyìn ojoojúmọ́, ‘ọta ìbọn’ lè jẹ́ irin tí ó fò jáde, ó sì lè jẹ́ kátírììjì odindi. Ní ẹnu ọjà, èyí kò ba nǹkan jẹ́. Ní kóòtù, ó lè ba nǹkan jẹ́. Òfin Ìbọn Nàìjíríà ti ọdún 1959 kò fi ọwọ́ kan náà mú gbogbo ìbọn: ó ya ṣakabùlà sọ́tọ̀ sí ìbọn ológun, kò sì fi àyè sílẹ̀ fún aládàáni láti máa ṣe kátírììjì bí ó ti wù ú. Ògbufọ̀ tí ó bá sọ pé ‘ọta mẹ́wàá’ ni wọ́n bá lọ́wọ́ ẹnì kan kò tíì sọ bóyá kátírììjì mẹ́wàá tí ó ṣeé yìn ni, tàbí èépá irin mẹ́wàá lásán.

Ó yẹ, nígbà náà, kí ọta dúró fún ohun tí ń fò nìkan, kí kátírììjì sì dúró fún odindi. Idẹ tí ó kó ẹ̀tù sínú ni kí á pè ní ìkarahun, nítorí pé bí ti ìgbín, òun ni ó ń ṣẹ́kù nígbà tí ohun inú rẹ̀ bá ti lọ.

3. Eré ìró

Àwọn kan fẹ́ràn ‘ìyára’ ju ‘eré’ lọ. Ṣùgbọ́n eré ni àwọn awakọ̀ ń lò. Kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí eré àsápajúdé jẹ́. Eré ìró nínú afẹ́fẹ́ jẹ́ nǹkan bí mítà 343 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nígbà tí ooru bá wà ní 20°C. Ìdí nìyí tí mànàmáná fi ń kọ kí àrá tó sán: kìlómítà kọ̀ọ̀kan ń gba ìró ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta.

Ará Àjàó Estate ní Ìlú Èkó, tí ó ń gbé nítòsí Pápákọ̀ Òfurufú Murtala Muhammed, mọ ọ̀rọ̀ yìí láìka ìwé. Ó ń gbọ́ ariwo ọkọ̀ òfurufú kí ọkọ̀ náà tó dé orí òrùlé rẹ̀. Ọkọ̀ tí ó fẹ́ balẹ̀ ń sá nǹkan bí mítà 70 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún eré ìró. Ìró rẹ̀ ń ṣíwájú rẹ̀. Concorde, tí ó kó èrò láti 1976 títí di 2003, lè sá eré bí ìlọ́po méjì ti ìró. Nígbà tí ó bá ń sá bẹ́ẹ̀, yóò ti kọjá kí ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ tó gbọ́ ọ, ohun tí onítọ̀hún yóò sì gbọ́ ni ìbúgbàù.

Bí ọ̀ràn ọta ti rí gan-an nìyẹn. Ní 1886, Ernst Mach àti Peter Salcher ya àwòrán ọta tí ó yára ju ìró, ìgbì afẹ́fẹ́ sì hàn níwájú rẹ̀ bí omi ti ń là níwájú ọkọ̀ ojú omi. Ìgbì yìí ni ó ń dún ṣá ní etí ẹni tí ọta kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìró méjì ni irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ń ní: ti ẹnu ìbọn, níbi tí èéfín gbígbóná ti tú jáde, àti ti ọta fúnra rẹ̀. Bí ọta kò bá yára tó ìró, èkejì nìkan ni kò ní sí. Ti ẹnu ìbọn wà síbẹ̀, ó sì lè ba etí jẹ́. Ẹni tí a bá sọ fún pé ọta rẹ̀ jẹ́ ‘aláìdún’ lè yọ ìbòtí rẹ̀ kúrò.

Kí ọ̀rọ̀ má baà ṣi ènìyàn lọ́nà, inú gbólóhùn tí gbogbo ènìyàn ń sọ ni ó yẹ kí á ti fa èdè-ìperí yọ. ‘Ó yára ju ìró’ yóò fún wa ní ọta ayára-ju-ìró. ‘Kò yára tó ìró’ yóò fún wa ní ọta aláìyára-tó-ìró. Èkejì gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ó sọ òtítọ́, ó sì tún fi hàn pé ìfiwéra ni, kì í ṣe iye kan pàtó. Ní Èkó, bí ooru bá tó 30°C, eré ìró a máa súnmọ́ mítà 349. Ní Jos, ní òwúrọ̀ ọyẹ́, bí ooru bá wá sílẹ̀ dé 10°C, yóò wà ní nǹkan bí 337. Ọta tí ó sá mítà 342 jẹ́ aláìyára-tó-ìró níhìn-ín, ó sì di ayára-ju-ìró lọ́hùn-ún.

Ewu mìíràn tún wà. Ènìyàn lè rò pé bí ẹ̀tù bá ti kéré tó ni ewu ti kéré tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí agbára ẹ̀tù kò bá tó láti ti ọta jáde, ọta yóò há sínú ihò ìbọn. Bí a bá tún yìnbọn lé e, ìbọn náà lè fọ́ mọ́ ayìnbọn lọ́wọ́. Ọta híhá ni orúkọ rẹ̀, kò sì nílò ọ̀rọ̀ tuntun.

4. Wíwọn eré

Benjamin Robins, ará Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé ní 1742 bí a ti lè yìnbọn lu igi wíwúwo tí a so rọ̀, kí á sì fi bí igi náà ti fì tó ṣírò eré ọta. Lóde òní, ojú ẹ̀rọ méjì ni ọta ń kọjá lókè wọn. Ẹ̀rọ náà ń ka àkókò tí ó fi kúrò ní ọ̀kan dé èkejì. A lè pè é ní awọneré. Bí àwọn ojú náà bá jìnnà sí ara wọn ní mítà kan, tí ọta sì gba ìdá 320 ìṣẹ́jú àáyá kan, eré rẹ̀ jẹ́ mítà 320.

Ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Ká ní ọta márùn-ún sá 310, 318, 322, 315 àti 325. Ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 318; àlàfo eré, èyíinì ni ìyàtọ̀ láàárín èyí tí ó pọ̀ jù àti èyí tí ó kéré jù, jẹ́ 15. Àlàfo yìí ni ó ń sọ bóyá ọwọ́ tí ó kì wọ́n dọ́gba.

5. Ìbàmì àti ìṣùpọ̀

Ọ̀rọ̀ méjì ni ó yẹ kí á yà sọ́tọ̀ níhìn-ín, nítorí pé ‘ó mọ ìbọn yìn’ kó wọn pọ̀. Bí ọta márùn-ún bá lu bébà ní ibi kan náà, ṣùgbọ́n tí gbogbo wọn wà ní ìsàlẹ̀ àmì, ìṣùpọ̀ wọn dára, ìbàmì wọn kò dára. Bí wọ́n bá yí àmì ká ní ọ̀nà jíjìn, tí àárín wọn sì bọ́ sí orí àmì gan-an, ìbàmì wà, ìṣùpọ̀ kò sí. Ti àkọ́kọ́ ni ó máa ń bá ọta aláìyára-tó-ìró jù, nítorí pé ọta tí ó lọ́ra ń pẹ́ lójú afẹ́fẹ́, ilẹ̀ sì ń fà á wálẹ̀ ju ọta tí ó yára lọ. Àtúntò ojú ìbọn ni oògùn èyí. Àìṣùpọ̀ kò ní irú oògùn bẹ́ẹ̀. Inú kátírììjì tàbí inú ihò ìbọn ni kí á ti wá a.