Bí A Ṣe Ń Yan Ìbọn fún Ọdẹ Àgbọ̀nrín

Sí ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin ọdẹ tí ń gbé ní Kétu, Mile 12, Ìkòsì àti gbogbo àyíká Kosofe.

Ẹran àgbọ̀nrín dùn lọ́bẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀tá oko ni àgbọ̀nrín í ṣe. Ní òru àti ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ni ó ń jáde láti inú igbó, tí ó sì ń jẹ ewé ẹ̀wà, ewé ọ̀dùnkún àti ilá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Nítorí èyí ni àgbẹ̀ púpọ̀ ṣe ń fẹ́ láti ní ìbọn. Àwọn ọ̀dọ́ mìíràn sì ń sọ pé àwọn kò fẹ́ irú ìbọn tí àwọn baba wọn lò mọ́, bí kò ṣe èyí tí ń ki ara rẹ̀, tí a lè yìn léraléra láì sinmi. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀ràn náà wò létòlétò kí ẹnikẹ́ni tó ná owó rẹ̀.

ORÍṢI ÌBỌN MẸ́RIN

Èkíní ni ṣakabùlà. Ẹnu ni a ti ń ki í: a ó da ẹ̀tù sí i, a ó fi ìdènà tẹ̀ ẹ́, a ó sì kó ọta lé e. Òjò lè ba ẹ̀tù rẹ̀ jẹ́, ó sì ń pẹ́ kí a tó tún un kì. Ewu rẹ̀ tí ó tóbi jù ni pé bí ẹ̀tù bá pọ̀ jù, tàbí bí a bá fi páìpù omi lásán ṣe ọ̀pá rẹ̀, ìbọn náà lè fọ́ mọ́ ọdẹ lójú.

Èkejì ni ìbọn oníkatirííjì. Ẹ̀tù, ọta àti ohun tí ń tan iná sí ẹ̀tù wà pa pọ̀ nínú èèpo kan ṣoṣo. Èyí tí ó wọ́pọ̀ máa ń ṣẹ́ láàárín bí a bá fẹ́ kì í, ó sì lè jẹ́ ẹlẹ́nu kan tàbí ẹlẹ́nu méjì. Nọ́ńbà 12 tí a ń pe ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ìtumọ̀: bí a bá fi òjé ṣe ọta roboto tí ó bá ihò ìbọn náà mu gẹ́lẹ́, méjìlá irú rẹ̀ ni yóò wọn ìwọ̀n pọ́n-ùn kan.

Ẹ̀kẹta ni ráífù. A gbẹ́ ilà tí ó lọ́ yíká sínú ọ̀pá rẹ̀, nítorí náà ọta rẹ̀ ń yí bí òòyì bí ó ti ń jáde, ó ń lọ tààrà, ó sì ń lọ jìnnà.

Ẹ̀kẹrin ni ìbọn tí ń ki ara rẹ̀. Ó lè jẹ́ oníkatirííjì, ó sì lè jẹ́ ráífù. Bí a bá fa apátí, ọta kan á jáde. Agbára ẹ̀tù tí ó jó náà ni yóò ṣí ìdí ìbọn, tí yóò ta èèpo síta, tí yóò sì ti ọta mìíràn wọlé. A ní láti tún apátí fà kí èkejì tó jáde. Ọmọ Amẹ́ríkà kan, John Browning, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe é dáadáa ní nǹkan bí ọdún 1900. Ó ní ànfàní: kì í ta èjìká púpọ̀, ọdẹ sì lè tètè yìn ín lẹ́ẹ̀kejì bí ẹran bá fara gbọgbẹ́. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ibi ní Amẹ́ríkà pàápàá ni wọ́n ti gbà á. Ní 2017, ìpínlẹ̀ Pennsylvania gba ráífù bẹ́ẹ̀ fún pípa ẹran kéékèèké, ṣùgbọ́n ó kọ̀ ọ́ fún ẹran tí àwọn ń pè ní deer.

OHUN TÍ ÒFIN WÍ

Òfin ìbọn ilẹ̀ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1959. Ó yọ ìbọn oníkatirííjì tí ń ki ara rẹ̀ kúrò nínú ìbọn tí aráàlú lè gba ìwé àṣẹ fún lọ́wọ́ Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá. Ó sì ka ráífù tí ihò rẹ̀ jẹ́ 7.62 mm, 9 mm, .300 tàbí .303 mọ́ ìbọn ológun tí a kà léèwọ̀. Ẹ kíyè sí i pé ihò 7.62 mm yìí gan-an ni ti ọ̀pọ̀ ráífù tí ọdẹ Amẹ́ríkà ń lò. Nítorí náà, ohun tí ọdẹ ibẹ̀ ń rà ní ìsọ̀ lè di ẹ̀wọ̀n fún ọdẹ ìhín. Ṣakabùlà pàápàá ní ìwé àṣẹ tirẹ̀. A kì í sì í fún ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 17, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, tàbí ọ̀mùtí ní ìwé náà.

OHUN TÍ ILẸ̀ WA WÍ

Bí òfin kò tilẹ̀ sọ nǹkan kan, ilẹ̀ wa yóò sọ̀rọ̀. Ọta ráífù tí a fi ń pa ẹran ńlá lè rìn ju ibùsọ̀ méjì lọ bí kò bá bá nǹkan pàdé. Láti Mile 12 dé Kétu kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá yin irú ọta bẹ́ẹ̀ ní etí odò Ògùn sí ohun tí ń mi ewé lè pa aláta nínú ọjà, kò sì ní gbọ́ igbe rẹ̀. Kosofe ti di ìgboro. Kò sí ibi tí ó yẹ kí a ti yìnbọn nínú rẹ̀. Ọdẹ ibẹ̀ ní láti lọ sí igbó tí ó jìnnà, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda àwọn tí ó ni ín. Nínú igbó kìjikìji bẹ́ẹ̀, ojú kì í ríran jìnnà. Ó ṣọ̀wọ́n kí a rí àgbọ̀nrín ní ibi tí ó ju ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ lọ. Kí ni a ó wá fi ọta tí ń rin ibùsọ̀ méjì ṣe?

ÌMỌ̀RÀN WA

Ìbọn oníkatirííjì tí ń ṣẹ́ láàárín, ẹlẹ́nu kan tàbí ẹlẹ́nu méjì, tí ó ní ìwé àṣẹ, ni ó yẹ ọdẹ àgbọ̀nrín. Bí a bá ti ṣẹ́ ẹ, gbogbo ènìyàn ni yóò rí i bóyá ọta wà nínú rẹ̀ tàbí kò sí. Ìbọn tí ń ki ara rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀: a lè yọ àpò ọta rẹ̀ kúrò, kí ọ̀kan sì ṣì fara pamọ́ sí ìdí rẹ̀. Àwọn àgbà wí pé, ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni í jẹ́ kí a kọjú rẹ̀ sí òun?

Kí ẹ tó rà á, ẹ gbé e lé èjìká ní òfìfo. Bí ojú yín bá bá ẹnu ìbọn mu láìjẹ́ pé ẹ na ọrùn, ó bá yín mu. Lẹ́yìn èyí, nínú igbó tí a gbà yín láàyè, ẹ kan ìwé ńlá mọ́ ara òkìtì, kí ẹ sì yìn ín láti ọgbọ̀n ìṣísẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ ọta kò bá bọ́ sí ààyè tí kò ju fífẹ̀ àtẹ ọlọ́jà lọ, ẹ yí katirííjì padà, tàbí kí ẹ máa sún mọ́ ẹran jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ má ṣe yìnbọn sí ojú tí ń dán nínú iná ọdẹ nìkan. Ojú kò sọ irú ara tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó lè jẹ́ ti ajá ọdẹ ẹlẹ́gbẹ́ yín, ọdẹ náà fúnra rẹ̀ sì lè wà lẹ́yìn ajá. Ó sì lè jẹ́ abo àgbọ̀nrín tí ó lóyún. Akọ nìkan ni ó ní ìwo. Oyún abo sì ń tó oṣù mẹ́fà. Ẹni tí ó bá pa abo ti pa ẹran ọdún tí ń bọ̀.

Ẹni tí ó ní ọta kan tàbí méjì péré yóò dúró kí ó wo ohun tí ó fẹ́ pa. Ẹni tí ó ní mẹ́wàá lè máa fi ọta wá ohun tí ojú rẹ̀ kò tíì rí. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

ÌBÉÈRÈ

1. Èéṣe tí ìbọn tí ń ṣẹ́ láàárín fi dára ju èyí tí ń ki ara rẹ̀ lọ nínú ilé tí ọmọdé wà?
2. Ráífù wo ni òfin kà sí ti ológun?
3. Báwo ni a ṣe ń mọ akọ àgbọ̀nrín yàtọ̀ sí abo?
4. Bí ẹ bá yìnbọn tí ẹ kò sì bá ẹran, níbo ni ọta yín yóò dúró sí? Ẹni tí kò bá lè dáhùn èyí, kí ó má ṣe fa apátí.