ÀPÓTÍ ÌMỌ̀: Àlejò Ajue, Nínú Igbó Kòkó Odígbó

Arìnrìn-àjò tí ó bá ti Èkó gba ojú títì lọ sí Ìbíní kò lè ṣàì kan Orè, ìlú oríta tí ọ̀nà Oǹdó àti ti Òkìtìpupa ti pàdé, níbi tí a ti dá àwọn ọmọ ogun Biafra dúró ní 1967, tí ẹnu ayé fi ń wí títí di òní pé, “Ó le kú, ìjà Orè!” Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá yà kúrò lójú títì ńlá náà, tí ó wọ inú oko lọ sí ìhà Ajue, ni yóò mọ ohun tí ń bọ́ ìpínlẹ̀ Oǹdó, aṣíwájú nínú kòkó gbígbìn ní Nàìjíríà.

Ilé tí yóò sùn sí lè má ju yàrá kan, ibùsùn kan àti garawa omi lọ. Òórùn kíkan tí ń gba ojú fèrèsé wọlé kì í sì í ṣe ti ọtí, bí àlejò ti máa ń rò: kòkó ni, tí a là, tí a kó èso rẹ̀ funfun jọ, tí a fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò fún nǹkan bí ọjọ́ 6 kí ó lè gbóná, kí a tó sá a sóòrùn.

Àwọn àgbà ní àlejò bí òkété là ń fi èkùrọ́ lọ̀. Èkùrọ́ kò wọ́n nílẹ̀ ọlọ́pẹ yìí o, ṣùgbọ́n iyán ni onílé yóò kọ́kọ́ gbé síwájú rẹ̀, yóò sì jókòó tì í títí yóò fi jẹ ẹ́ tán.