Ọmọ Tí Kò Gbọ́ràn ní Kíláàsì Kìíní

Ẹ̀yin ìyá wa, nígbà tí a ń kọ́ kíláàsì kìíní ní agbègbè Ìkọ̀yà yìí, ọmọkùnrin kan wà tí kì í dáhùn bí a bá pè é. A ní olóríkunkun ni. A nà án. Ìyá rẹ̀ ló wá sọ fún wa pé etí rẹ̀ ń ṣọyún. Ọ̀rọ̀ náà ń dùn wá títí dòní.

Nítorí náà, kí a tó mú pàṣán, ẹ jẹ́ kí a wádìí nǹkan mẹ́ta:

1. Ṣé ọmọ náà ń gbọ́ràn? Ẹ pè é jẹ́jẹ́ láti ẹ̀yìn, kí ẹ wò bóyá yóò yíjú padà. Bí kò bá gbọ́, iwájú ni kí ó máa jókòó, kí a sì mú un lọ sí ọsibítù.

2. Ṣé ó jẹun wá? Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

3. Ṣé èdè tí a fi ń kọ́ ọ yé e? Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́ yòókù. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Ọmọ tí ọ̀rọ̀ kò bá yé, eré ni yóò máa ṣe.

Bí ọmọ bá ṣe dáadáa, ẹ yìn ín lójú ẹgbẹ́. Bí ó bá ṣẹ̀, ẹ bá a wí ní kọ̀rọ̀. Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ má dúró kí tíṣà ó tó ránṣẹ́ pè yín. Ohun tí ẹ bá mọ̀ nípa ọmọ yín, ẹ lọ sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ táàmù.

Ìbéèrè: Ta ni nínú àwọn ọmọ wa ni a ti ń pè ní olóríkunkun láìwádìí?